Iyanrìn Tó Tẹ́jú Létí Odò: Ṣé Ká Pàgọ́ Síbẹ̀?

Ìbéèrè: Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, èmi ni mo ń darí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní ìsinmi ilé-ìwé oṣù kẹrin, a fẹ́ kó ọ̀dọ́ 12, ọmọ ọdún 15 sí 18, pẹ̀lú àgbà mẹ́ta, lọ sùn létí odò nínú igbó Omo, láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ títí di ọ̀sán Àbámẹ́ta. A ti lọ wo ibẹ̀ nínú oṣù kejì. Iyanrìn funfun kan wà létí omi, ó tẹ́jú bíi pé wọ́n fọwọ́ tẹ́ ẹ, koríko kankan ò sí lórí rẹ̀, omi sì mọ́ gaara. Ṣé ibẹ̀ dára láti pàgọ́ sí? Ṣé a lè mu omi odò náà? Ṣé ó sì yẹ ká gbé jẹnẹrétọ̀ lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ má pàgọ́ sórí iyanrìn yẹn.

Ohun tó mú kó wù yín gan-an ló yẹ kó lé yín kúrò níbẹ̀. Nínú igbó tó tutù bíi ti Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ tí koríko kò hù sí ní ìdí kan: nǹkan kan ń gbá a mọ́ lọ́dọọdún. Odò ni. Òun náà ló fi ara tẹ́ iyanrìn yẹn pẹrẹsẹ. Ní oṣù kejì tí ẹ lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú omi fà sẹ́yìn, ó fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Ní oṣù kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ á ti dé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ alẹ́ tí onílé máa padà wálé.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í rọ̀ bíi ti oṣù kẹfà tó ń rọra rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìjì ló ń ṣáájú rẹ̀, á rọ̀ gidi fún wákàtí kan tàbí méjì, á dá. Ilẹ̀ tí oòrùn ti sá gbẹ fún oṣù mélòó kan kì í tètè fa irú omi bẹ́ẹ̀ mu, nítorí náà orí ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà bọ́ sínú odò. Odò kékeré inú igbó lè kún láàárín wákàtí kan. Odò ńlá ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó kún, á sì pẹ́ kó tó fà. Èyí tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni pé kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ sí yín lórí. Ẹ wo Odò Ọ̀ṣun: Ìgèdè-Èkìtì, lórí ilẹ̀ olókè, ni orísun rẹ̀, ó gba Òṣogbo kọjá kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kó tó wọ inú ọ̀sà Lẹ́kì. Òjò tí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú kò gbúròó rẹ̀ lè wà nínú omi tó ń kọjá níwájú yín. Àwọn odò kéékèèké náà ní òkè tiwọn, bó ti wù kó kéré tó.

Bí ẹ bá padà lọ wo ibẹ̀ (ẹ padà lọ, ó tó bẹ́ẹ̀), ẹ má wolẹ̀, ẹ wòkè. Ẹ wá ewé gbígbẹ, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, koríko àti igi wẹ́wẹ́ tó há sáàárín ẹ̀ka igi. Ẹ wo ara igi bóyá ẹrẹ̀ ti fi ìlà sí i. Èyí tó ga jù nínú àwọn àmì wọ̀nyẹn ni ibi tí omi dé gbẹ̀yìn. Ilẹ̀ tí ẹ máa sùn sí gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán mítà méjì ga ju àmì yẹn lọ, kó sì jìnnà sómi tó bíi 60 mítà, ìyẹn nǹkan bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà 80.

Wíwọn mítà méjì lórí ilẹ̀ tó dagun kò le. Ẹ bu omi sínú ike tó mọ́ gaara dé ìdajì. Ẹ dúró níbi tó bá àmì omi yẹn mu, ẹ gbé ike náà sí ọ̀gangan ojú yín, kí ẹ wá wo òkè nípasẹ̀ ojú omi inú ike. Omi kì í purọ́, ojú rẹ̀ máa tẹ́ dọ́gba. Ibi tí ojú yín bá ti bá ilẹ̀ pàdé lọ́ọ̀ọ́kán fi gíga ojú yín ju ibi tí ẹsẹ̀ yín wà lọ, ìyẹn bíi mítà kan àbọ̀ fún ẹni tí kò ga tí kò kúrú. Ẹ lọ dúró níbẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Mítà mẹ́ta nìyẹn, ọkàn yín á sì balẹ̀.

Ẹ má pàgọ́ sí erékùṣù àárín odò, kò sí ọ̀rọ̀ nínú ìyẹn. Ẹ má sì sọdá odò lọ pàgọ́ sí òdìkejì ibi tí ọkọ̀ yín wà. Bí omi bá kún mọ́jú, ọkọ̀ wà níbí, ọmọ wà lọ́hùn-ún, ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá ti débẹ̀, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ gé ọ̀pá kan tó gùn tó mítà kan àbọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ la àmì sí i lára ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún, ẹ gún un mọ́lẹ̀ ní bèbè omi. Kí àgbà kan máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní aago méje, aago mẹ́wàá àti aago kan òru. Tí omi bá gun àmì méjì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí tí omi tó mọ́ bá yí padà di pupa, tàbí tí ewé àti igi bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn kọjá lọ́pọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ gòkè. Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà gòkè, ojúmọmọ ni kí ẹ ti ṣán an, kí gbogbo ọmọ sì rìn ín lẹ́ẹ̀kan, torí ọ̀nà tí èèyàn rìn lọ́sàn-án kì í ṣàjèjì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru.

Lórí ilẹ̀ gíga yẹn náà, ẹ tún wòkè. Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ló ń já ẹ̀ka gbígbẹ bọ́. Ẹ má sùn sábẹ́ igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti kú, ẹ má sùn sábẹ́ àràbà, ẹ má sì sùn sábẹ́ ọ̀pẹ. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ń já, ẹyìn tó bọ́ sílẹ̀ ń pe eku, eku ń pe ejò. Ìdí ọparun náà rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn yí gbogbo ilẹ̀ náà ká, ẹ máa wo ìjàlọ. Bí ẹ bá rí ọ̀nà wọn, tó rí bí okùn dúdú tó ń yọ́ rìn, ẹ sún síwájú ní ogún mítà ó kéré tán. Eérú tàbí kẹrosíìnì tí àwọn èèyàn ń dà yí àgọ́ ká lè yà wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti pinnu ọ̀nà, ẹ̀yin ni kí ẹ yà fún wọn. Bí wọ́n bá wọlé lóru, ẹ dìde, ẹ jáde, wọ́n á kọjá.

Fún èèyàn 15, tàpólì mẹ́ta tó jẹ́ mítà mẹ́rin ní fífẹ̀, mẹ́fà ní gígùn, ló tó láti sùn: ọ̀kan fún àwọn obìnrin, ọ̀kan fún àwọn ọkùnrin, ọ̀kan fún àgbà àti ẹrù. Ẹ mú ẹ̀kẹrin fún ibi ìdáná. Ẹ na okùn láàárín igi méjì ní gíga mítà kan àbọ̀, ẹ fi tàpólì bò ó, kí etí rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Èèkàn náà, ẹ gbá a wọlẹ̀ ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kí orí rẹ̀ dagun kúrò lọ́dọ̀ àgọ́. Bí ẹ bá gbé orí rẹ̀ kọjú sí àgọ́, ìjì àkọ́kọ́ ló máa fà á tu. Ẹ̀tàn kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀: òjò máa ń gba ara okùn rìn wọlé. Ẹ so àkísà kan mọ́ okùn náà níta, ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí etí tàpólì. Omi á dé ibẹ̀, á kán sílẹ̀. Abẹ́ tàpólì ni kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní. Nẹ́ẹ̀tì tó kàn ń fì lásán, ẹ̀fọn ni ẹ̀ ń kó pamọ́ sínú rẹ̀.

Ó wá ku omi mímu. Omi tó mọ́ gaara kò túmọ̀ sí omi tó ṣeé mu. Ohun tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra omi mímu dání. Lítà mẹ́ta lóòjọ́ fún ẹnì kan, èèyàn 15, ọjọ́ méjì, ó jẹ́ 90 lítà. Àpò píọ̀ wọ́tà kan ní ọ̀rá 20 tó jẹ́ ìdajì lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà mẹ́wàá. Àpò mẹ́sàn-án nìyẹn, ẹ mú mẹ́wàá. Omi odò ni kí ẹ fi máa sè, kí ẹ sì fi máa fọ abọ́.

Èyí tí ẹ máa lò nínú omi odò, ibi tó ń ṣàn ni kí ẹ ti pọn ọ́n, lókè ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́, tí ẹ ṣẹ́ sí mẹ́rin, sẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ bó bá dọ̀tí. Ẹ sè é títí á fi máa hó kutukutu, ẹ jẹ́ kó hó fún odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ dé e, kí ẹ má sì tún ti ife tó dọ̀tí bọ̀ ọ́. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ìdọ̀tí silẹ̀ lóòótọ́, kò pa kòkòrò àìfojúrí. Bí iná bá kọ̀, omi ìfọṣọ tó ń sọ aṣọ di funfun lè gbà yín, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ike rẹ̀: èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò ní lọ́fínńdà, ẹ̀kán méjì fún lítà kan omi tó mọ́, mẹ́rin fún èyí tó ṣú. Ẹ pò ó, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ara ike kò bá sọ agbára rẹ̀, ẹ má lò ó.

Àìsàn kan wà tí síse omi kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, torí ara ló ń gbà wọlé: àtọ̀sí ajá, tó ń mú èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń tú kòkòrò rẹ̀ jáde, inú omi tó dúró, tó ní koríko létí, ni ìgbín náà sì fẹ́ràn. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, àwọn abúlé tó yí adágún Ọ̀yán ká, lápá Abẹ́òkúta, ti mọ̀ ọ́n dunjú. Ọ̀sán gangan ni kòkòrò náà máa ń pọ̀ jù nínú omi. Nítorí náà, àárọ̀ ni kí àwọn ọmọ wẹ̀, níbi tí omi ti ń ṣàn lórí iyanrìn tàbí òkúta. Kí wọ́n yẹra fún kòtò omi tó dákẹ́, bó ti wù kó tutù lára tó. Bí ọmọ kan bá tọ ẹ̀jẹ̀ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ìrìn-àjò yín, kí ẹ sọ fún dókítà pé ó wẹ̀ nínú odò. Ìtọ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò, oògùn rẹ̀ sì wà.

Nípa wíwẹ̀ fúnra rẹ̀: kí àgbà kan fi ọ̀pá wọn jíjìn omi kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ ju àyà ọmọ tó kúrú jù lọ. Fífò sómi láti bèbè, rárá. Igi tó rì kì í hàn lójú omi. Kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ ní méjì méjì, kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ẹnì kejì rẹ̀, kí àgbà kan sì dúró ní bèbè láìgbé fóònù dání. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó ṣófo, ẹ bu omi tó ife kan péré sínú rẹ̀ kó lè ní ìwọ̀n tí ẹ máa fi jù ú, ẹ dé e pinpin, ẹ so ó mọ́ okùn tó gùn tó ogún mítà. Bí omi bá gbé ẹnì kan, kẹ́ẹ̀gì yẹn ni kí ẹ jù sí i, kí ẹ jù ú kọjá orí rẹ̀ kí okùn lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bẹ́ tẹ̀ lé e ló máa ń sọ òkú kan di méjì. Bí òjò bá sì ti rọ̀, ìwẹ̀ parí títí omi á fi padà sí bó ti wà lára ọ̀pá yín.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ gbẹ́ kòtò méjì, ti obìnrin àti ti ọkùnrin, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, ọgọ́ta ní jíjìn, mítà kan ní gígùn. Kó jìnnà sí odò ní 60 mítà, kó má sì wà lókè ibi tí ẹ ti ń pọn omi. Ẹni tó bá lò ó á bu yẹ̀pẹ̀ àti eérú sí i. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ dá ihò sí lára mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ nínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́.

Iná dídá: ẹ má fi òkúta inú odò ṣe ààrò. Omi wà nínú rẹ̀. Bó bá gbóná, omi náà á di ooru, òkúta á bú gbàmù, àfọ́kù rẹ̀ a sì máa fò. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ ti ṣà á. Ẹ gbá ewé kúrò ní mítà mẹ́ta yí iná ká, kí ẹ gbá a dé orí yẹ̀pẹ̀ gan-an, torí iná máa ń gba inú gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà rìn lábẹ́ ilẹ̀. Kí ẹ tó lọ sùn, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ tún da omi sí i, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò tíì kú. Ẹ kó oúnjẹ tí kò nílò iná dání fún alẹ́ tí òjò bá gbà lọ́wọ́ yín: ọmọ Ìjẹ̀bú tó ní gàrí, kúlíkúlí àti ṣúgà kò lè sùn lébi.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ gba àṣẹ. Igbó ọba ni Omo, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni í. Láti 1925 ni wọ́n ti sọ ọ́ di igbó ọba, ó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 130,500, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó àkànṣe lágbàáyé ní 1977. Apá kan tó jẹ́ hẹ́kítà 460 wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ gédégbé láti 1946. Ìyẹn kì í ṣe ibi ìpàgọ́. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó igbó, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ̀ṣọ́ igbó kan bá yín lọ, kí ẹ sì bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí ní ti ààbò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Erin ṣì wà nínú igbó náà. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ rẹ̀ tàbí ipasẹ̀ rẹ̀ tó fẹ̀ bí àwo létí omi, ọ̀nà ibi tó ti ń mumi nìyẹn, ẹ má pàgọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá fojú rí i, ẹ fà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́, ẹ má pariwo, ẹ má yà á ní fọ́tò. Ẹ tún rí baálẹ̀ abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Òun ló mọ odò tí wọn kì í pẹja nínú rẹ̀ àti ọjọ́ Orò. Bí ẹ bá sún un sí ìsinmi oṣù keje, ọdún Agẹmọ, tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ fojú rí, wà níbẹ̀, ẹ sì ní ọmọbìnrin lọ́wọ́.

Ti ejò, mo máa sọ ọ́ ní kúkúrú. Bàtà tó bo kókósẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ lóru, kí ẹ má sì ti ọwọ́ bọ ibi tí ojú ò rí. Bó bá bu ẹnì kan jẹ, kó jókòó, kó má rìn. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà rẹ̀, ẹ fi igi méjì di ẹsẹ̀ náà kó má lè mì, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi okùn fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pa, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì fi òkúta dúdú lé e. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti pe ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ọsibítù ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó wà ní Ṣàgámù, kí ẹ bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò wà lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Ibi tó bá wà ni ẹ máa gbà lọ. Kí ọkọ̀ kan wà níbi àgọ́ ní gbogbo ìgbà, kí ó kọjú sí ọ̀nà, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbi tí àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀.

Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹ gbìyànjú kí ẹ dé ibẹ̀ kó tó di aago méjì. Ní oṣù kẹrin, aago méje kù díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ti máa ń ṣú ṣáájú ìgbà yẹn, àgọ́ mẹ́rin àti kòtò méjì kì í sì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan.

Jẹnẹrétọ̀, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, fìtílà oníbátìrì mẹ́rin àti páwà báńkì méjì tó fún òru méjì. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pani tó bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ń sùn, epo rẹ̀ sì lè jò sínú omi. Ṣùgbọ́n olórí ìdí ni ariwo rẹ̀. Kí omi tó dé, ó máa ń yí ohùn padà: ohùn tó ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí hùn, á wá máa bú. Àgbà tó ń ṣọ́nà ní aago kan òru gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ìyẹn láti orí ẹní rẹ̀.